Láàárín Bẹ́ẹ̀ Ni àti Rárá

                                                            Yàrá tó kọjú sí omi,
                                                            Ilé ẹ̀yìn afárá.
                                                            Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìparí oṣù òjò.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú sùúrù pẹ̀lú mi, torí mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣèlérí lẹ́tà yìí. Báwo ni ara yín? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín nítorí ìjókòó nídìí máṣíìnì ìránṣọ ti ń fi yín lọ́rùn sílẹ̀? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn lọ síbi iṣẹ́ báyìí. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n máa rọra, orúnkún wọn kì í ṣe ti àná. Ẹ sọ fún ọmọ yín àgbà pé mo rí àwòrán tó yà ránṣẹ́, mo sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ títí di ìsinsìnyí bóyá ẹṣin ni tàbí àga. Ẹ sọ fún kékeré náà pé mo gbọ́ pé eyín rẹ̀ ti ká, kí ó yé fi ahọ́n tọ ojú ibẹ̀. Àwọn oníbàárà yín ńkọ́, àwọn tó máa ń fi ọwọ́ ara wọn yan aṣọ fèrèsé, tí wọ́n á tún padà wá sọ pé kò bá àga àwọn mu? Mo mọ̀ pé ẹ kì í bá wọn jà. Ẹ kàn máa ń wò wọ́n títí ojú á fi tì wọ́n.

Ara tèmi le. Kùrukùru ló gba gbogbo ibí kan láti ìgbà díẹ̀. Láràárọ̀ ni ó máa ń gbéra láti orí omi, tí yóò rọra bo afárá mọ́lẹ̀, tí àwọn tó ń kọjá lórí rẹ̀ á wá dà bí ẹni tó ń rìn nínú afẹ́fẹ́ lásán. Mo máa ń dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́ títí tíì náà á fi tutù. Ẹ mọ̀ mí. Oorun kò tíì dá lójú mi látìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Ẹ bi mí lórí fóònù níjọ́sí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe, nítorí àwọn aládùúgbò ń bi yín, ó sì ti sú yín láti máa sọ pé "ó ń tẹ kọ̀ǹpútà." Mo ní n ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Inú mi dùn pé mi ò tètè kọ ọ́, torí ohun kan ṣẹlẹ̀ lóṣù yìí tó jẹ́ kí èmi fúnra mi mọ ohun tí mò ń ṣe.

Gbogbo ilé iṣẹ́ tó bá ní ohun tí wọ́n fẹ́ rántí ló ń kó o sínú dátábéèsì. Ẹ fojú inú wo àpótí bọ́tìnnì yín, èyí tó ní ojú kéékèèké, tí ìlà kan jẹ́ ti funfun, tí ìlà tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti aláwọ̀ omi. Bẹ́ẹ̀ ni dátábéèsì rí. Orúkọ ẹnì kan wà lójú kan, ọjọ́ orí rẹ̀ wà lójú mìíràn, ilé tó ń gbé wà nínú àpótí ọ̀tọ̀ pátápátá. Àmọ́ ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ máa ronú nípa ojú àpótí. Èèyàn ló fẹ́ rí. Ó fẹ́ sọ pé, gbé ọkùnrin yìí wá fún mi pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀, kí ọkùnrin náà sì jáde wá ní odidi. Àárín àwọn méjèèjì ni iṣẹ́ tiwa wà. Àkójọ kóòdù kan ni, ìyẹn àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, láíbúrárì là ń pè é, ẹnikẹ́ni ló sì lè mú un fi sínú ètò tirẹ̀. Òun ni ó ń lọ sídìí àpótí, tí ó ń ṣa orúkọ níhìn-ín, ọjọ́ orí lọ́hùn-ún, tí ó ń rán wọn pọ̀ di èèyàn. Bí èèyàn náà bá yí padà, tó kó kúrò nílé tàbí tó bímọ, òun náà ni yóò tú u palẹ̀, tí yóò dá ẹyọ kọ̀ọ̀kan padà sí ojú tó ti wá. Aránṣọ ni èmi náà, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn aládùúgbò.

Èmi àti ọ̀gá mi nìkan la ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ni mo ń pè wọ́n lẹ́yìn, torí kò sí ohun tí wọn kì í kí ní pẹ̀lẹ́. Bí ilẹ̀kùn bá gbá wọn lórí, ilẹ̀kùn ni wọ́n á kí. Àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn kan ló dá láíbúrárì náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe ọ̀dọ́. Ọ̀rẹ́ náà ti lọ síbi iṣẹ́ mìíràn tipẹ́. Yàrá tí a ti ń ṣiṣẹ́ wà lókè ṣọ́ọ̀bù onídígí. Bí oòrùn bá ráyè yọ lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ á ta láti ara àwọn dígí ìsàlẹ̀, á gba ojú fèrèsé wọlé, á máa mì lójú àjà wa bí omi inú agbada. Nígbà mìíràn mo máa ń gbójú sókè wò ó títí n ó fi gbàgbé ohun tí mò ń ṣe. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ kì í bá mi wí. Wọ́n á kàn dúró díẹ̀, wọ́n á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ṣé o ti dé?" bí ẹni pé ìrìn àjò ni mo lọ.

Irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni fóònù dún. Akọ̀wé kan ló ń pè, láti ọ́fíìsì kan tó wà ní òdìkejì afárá. Ẹ rántí omi tó ya wọ àwọn ìlú ìsàlẹ̀ odò lọ́dún náà lọ́hùn-ún, bí àwọn ẹbí ṣe fọ́n ká, tí ẹlòmíì bọ́ sínú ọkọ̀ tí kò mọ ibi tó ń gbé òun lọ. Ọ́fíìsì yẹn ló ń bá wọn wá ara wọn títí di òní. Inú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wá wọn ni láíbúrárì wa wà. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: Ṣé ó wà láàyè? Wọ́n lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè dáhùn rárá. Bí wọn kò bá tíì gbúròó ẹni náà, wọ́n á fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ètò náà á sì kọ ọ́ fún ẹni tó bá ń wò ó pé, a kò tíì mọ̀.

Ohùn akọ̀wé náà rọlẹ̀, àmọ́ ó hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń wò. Bí mo bá ṣí ojú ewé tirẹ̀ nìkan, wọ́n ní a kò tíì mọ̀. Bí mo bá ṣí ojú ewé ẹbí rẹ̀, níbi tí gbogbo wọn ti wà pa pọ̀, wọ́n ní rárá. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Mo bi í bóyá ẹnì kan ti yí i padà.

"Ta ni yóò yí i? Èmi ni mo kọ ọ́. Mo mọ ohun tí mo kọ. Mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀."

Ká sòótọ́, mo rò pé àṣìṣe tiwọn ni. Ohun tí à ń kọ́kọ́ rò nìyẹn nínú iṣẹ́ wa. Mo rọra dá èèyàn àròsọ kan sínú kọ̀ǹpútà, mo fi ojú ìbéèrè kan sílẹ̀ lófìfo fún un, mo ní kí láíbúrárì gbé e wá fún mi lóun nìkan. Ó gbé e wá, ojú náà ṣófo bí mo ti ṣe fi í sílẹ̀. Mo tún ní kí ó gbé e wá pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. Ó gbé gbogbo wọn wá ní wéréwéré, ojú náà kò sì ṣófo mọ́. Rárá ló wà níbẹ̀. Mo jókòó, mo ń wò ó. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, rárá náà ló tún jáde.

Ojú òfìfo nínú dátábéèsì kì í ṣe òdo, kì í sì í ṣe rárá. Ohun tó ń sọ ni pé, ẹ má tíì bi mí. Ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni láíbúrárì wa ń gbà lọ sídìí àpótí. Ọ̀nà tó fi ń gbé ẹyọ ẹnì kan wá, Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ló kọ ọ́. Bó bá bá òfìfo pàdé, á gbé òfìfo wá. Ọ̀nà tó fi ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn wá lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rẹ́ wọn ló kọ ọ́ kí ó lè yára, òun sì gbà pé ìbéèrè bẹ́ẹ̀-ni-tàbí-rárá kò lè ní ìdáhùn kẹta. Bó bá ti bá òfìfo, rárá ni ó fi ń dí i.

Mo fi han Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́. Wọ́n yọ ìgò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó.

Wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. Bí a bá yí i padà, ètò àwọn ẹlòmíì á dojú dé. Ẹnì kan wà níbì kan tó ti gbọ́kàn lé e pé rárá lòun á máa rí."

Mo ní, "Irọ́ ni ẹni yẹn ń rí, sà."

"Irọ́ tó ti mọ́ ọn lára ni. Bí o bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, á ṣubú."

Mo gbójú sókè. Ìmọ́lẹ̀ ń mì lójú àjà. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ títí mo fi gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi. Mo ní, "Sà, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti ka rárá yẹn sétí ẹnì kan."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ dìde. Wọ́n gbé fóònù, wọ́n pe akọ̀wé náà padà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n sì bi í: ṣé ẹnikẹ́ni wà tí wọ́n ti fi ojú ewé ẹbí sọ̀rọ̀ fún? Akọ̀wé ní òun á wádìí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti pè. Obìnrin alágbàfọ̀ kan, ẹbí ọ̀tọ̀ sí ti ẹni tí akọ̀wé ń wò, ti wá sí ọ́fíìsì náà láti wá fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tuntun sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, awakọ̀ ẹrù, ló ń wá láti ọdún omi yẹn. Kì í ṣe akọ̀wé yìí ló wà lórí ìjókòó lọ́jọ́ náà, ẹlòmíì ni, ẹni yẹn sì ṣí ojú ewé ẹbí, ó ka ohun tó rí. Alágbàfọ̀ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jáde. Ẹni tó kà á fún un sọ pé kò sunkún rárá, ó kàn béèrè bóyá òun lè jókòó díẹ̀.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ní, "Jẹ́ ká tún un ṣe."

Àtúnṣe ọ̀hún gan-an kò pọ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé mò ń pa yín lẹ́rìn-ín, torí kò ju kí ẹ tú ojú abẹ́rẹ́ díẹ̀ kí ẹ sì tún un rán. Àmọ́ bí mo ti ń tú u ni mo rí i pé kò mọ síbẹ̀. Iye tí a kò mọ̀ ń di òdo lọ́nà kan, ó ń wà lófìfo lọ́nà kejì. Ọjọ́ ìbí tí a kò mọ̀ ń di ọjọ́ kan pàtó tí wọn kò bí ẹnikẹ́ni nínú wọn sí, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá gba ọ̀nà kan wò wọ́n, ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí gbogbo wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìdánwò. Ohun tí ìdánwò ń ṣe ni pé ó ń gba ọ̀nà méjèèjì bi láíbúrárì ní ìbéèrè kan náà. Bí ìdáhùn kò bá bá ara mu, á ké sí wa. Ó ké sí wa, ó ké sí wa, títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ nígbà tí kò ké.

Mi ò lè sọ fún yín bí àwọn ọjọ́ yẹn ṣe kọjá. Wọ́n lọ bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo òde láti inú ọkọ̀ tí ìrì bo dígí rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gbórí lé tábìlì, oorun sì gbé mi. Mo rí yàrá kan tó gùn tí mi ò rí òpin rẹ̀, àwọn èèyàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan, wọ́n wọ aṣọ tó mọ́. Ẹnì kan ń rìn láàárín wọn, ó ń bi wọ́n pé, ṣé ẹ wà? Bí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan, ẹni náà á lanu, kí ó tó dáhùn, ẹni tó ń béèrè á ti kọjá. Wọn kò bínú. Wọ́n kàn ń pa ẹnu wọn dé jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo jí, Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ti fi kóòtù wọn bò mí léjìká, wọ́n wà lórí fóònù pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn àtijọ́, ẹni tó kọ ọ̀nà kejì. Wọ́n ti jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa jáde síta kí n lè gbọ́. Wọ́n ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ọkùnrin náà. Ó wá ní, "Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni á fi irú ojú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Mo rò pé èèyàn á ti mọ̀."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ní, "Pẹ̀lẹ́. Èmi náà kò rò ó."

Nǹkan kan ṣì kù tó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ, òun ló sì jẹ́ kí oúnjẹ korò lẹ́nu mi. Mo ti sọ fún yín pé bí èèyàn bá yí padà, láíbúrárì á tú u palẹ̀, á dá ẹyọ kọ̀ọ̀kan padà sí ojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi nọ́ńbà tuntun alágbàfọ̀ yẹn sí ojú ewé ẹbí, tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì pé kí ó pa á mọ́, kì í ṣe nọ́ńbà nìkan ni láíbúrárì dá padà. Ó dá rárá padà mọ́ ọn. Ojú tó ṣófo tẹ́lẹ̀ kò ṣófo mọ́ nínú àpótí fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ tún ọ̀nà méjèèjì ṣe, àwọn méjèèjì á jọ máa sọ rárá, wọ́n á sì fẹnu kò lórí irọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo ẹbí tí wọ́n ti tún nǹkan kan kọ lójú ewé wọn.

Ohun tó yọ wá ni pé ọ́fíìsì náà máa ń tọ́jú àdàkọ dátábéèsì wọn sí ibòmíràn. Èmi àti akọ̀wé jọ jókòó tì í, a ń fi ti àtijọ́ wé ti ìsinsìnyí. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ rárá, tó sì ní ìdí, a fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òfìfo ni tẹ́lẹ̀, a dá a padà sí òfìfo. Akọ̀wé mọ púpọ̀ nínú wọn. Bí orúkọ kan bá yọ, á ní, "Ìyá yìí máa ń rẹ́rìn-ín," tàbí, "Ọmọ ẹni yìí ló wá lọ́jọ́ òjò." Nígbà tí a dé orí awakọ̀ ẹrù náà, ó pa rárá rẹ́, ó sì yọwọ́ lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan gbígbóná.

A fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń lo láíbúrárì wa, a ní kí wọ́n lọ yẹ dátábéèsì ara wọn wò. Àwọn kan dúpẹ́. Ẹnì kan bú wa gidi, ó ní a ba iṣẹ́ òun jẹ́. Ẹ ti mọ ohun tí Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ kọ padà sí i.

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ẹbí lórí fóònù. Nígbà tó kan alágbàfọ̀, ó ní òun kò lè fi fóònù sọ èyí. Mo ní kí ó jẹ́ kí n bá a lọ.

Ẹ̀yìn òpópónà kan tó wọ́ lọ sétí omi ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Ọ̀sán ti pọ́n, àmọ́ kùrukùru kò tíì ká nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. A gba inú ṣọ́ọ̀bù kọjá, níbi tí òórùn ọṣẹ àti ti aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ gba gbogbo ibẹ̀, a bọ́ sí àgbàlá tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun ló kún orí okùn látòkè délẹ̀, kùrukùru sì wọ àárín wọn, tó fi jẹ́ pé èèyàn kò mọ ibi tí aṣọ parí sí. A kò rí ẹnì kankan. Ẹsẹ̀ nìkan la rí lábẹ́ aṣọ, tó ń lọ tó ń bọ̀.

Akọ̀wé kí i pé ó kú iṣẹ́.

Ohùn kan dáhùn láàárín aṣọ pé, "Ẹ káàbọ̀. Bó bá jẹ́ aṣọ lẹ kó wá, ẹ gbé e lé káńtà."

"Kì í ṣe aṣọ, mà. Láti ọ́fíìsì la ti wá."

Ẹsẹ̀ náà dúró. Nígbà tó ṣe, ìyá náà yọ sí wa, obìnrin gíga kan, ó ju yín lọ díẹ̀ lọ́jọ́ orí, pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń há aṣọ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ ọ́ kúrò lẹ́nu, ó ń dúró dè wá. Akọ̀wé sọ ọ́ fún un ní tààrà, bí a ti jọ fẹnu kò lójú ọ̀nà: pé ohun tí wọ́n kà fún un kì í ṣe òótọ́, pé a kò mọ̀ bóyá àbúrò rẹ̀ wà, a kò sì mọ̀ bóyá kò sí, pé ẹ̀rọ ló ṣì wọ́n lọ́nà.

Mo ní, "Ẹ̀rọ kọ́, mà. Àwa la kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ìyá náà kọjú sí mi. Ó ní, "Mo ti kó aṣọ rẹ̀ fún àwọn èèyàn." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan lọ́kàn. "Bí mo bá ń fọ ti oníbàárà, mo máa ń fọ tirẹ̀ mọ́ ọn, kí ó má baà máa rùn nínú àpótí. Ọjọ́ tí mo ti ọ́fíìsì yín dé ni mo kó gbogbo rẹ̀ jáde. Mo sì sùn. Ṣé ẹ gbọ́? Mi ò sùn bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí omi ti ya."

Ó na ọwọ́ sókè, ó já aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan lórí okùn, ó ju etí rẹ̀ sí mi. "Dì í mú." Mo dì í mú. Mo lọ sẹ́yìn, òun náà lọ sẹ́yìn, a nà án, a ṣẹ́ ẹ po, a rìn lọ pàdé ara wa. Ó gba etí tó wà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ó sì le nítorí ọṣẹ. Ó já òmíràn.

Nígbà tí mo tún ti wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní, "Ohun tí ẹ wá sọ fún mi ni pé kí n tún lọ máa retí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tí mo bá ní mi ò fẹ́ ńkọ́? Tí mo bá ní kí ẹ fi rárá yẹn síbẹ̀?"

Akọ̀wé wojú mi. Mo sọ bó ṣe rí. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì lè kọ ọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò náà máa ń fi orúkọ àwọn tí à ń wá wé orúkọ àwọn tí wọ́n rí ní ibòmíràn, ní ọsibítù, ní àgọ́, níbi tí ẹnì kan bá ti dé tó sọ pé òun ń wá àwọn èèyàn òun. Kì í sì í yẹ ẹni tí wọ́n bá ti kọ rárá sí wò. Á fò ó.

"Á fò ó," ni ìyá náà wí.

"Kódà bó jẹ́ àbúrò yín fúnra rẹ̀ ló wọlé tó dárúkọ ara rẹ̀, mà."

Ó dúró síbẹ̀, ó di aṣọ mú, kùrukùru sì wà láàárín wa tí mi ò fi rí ojú rẹ̀ dáadáa. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń sunkún. Mo rò ó pé bó bá jẹ́ èmi ni mo bọ́ sínú ọkọ̀ tí kò mọ ibi tó ń lọ, irú ìdúró yìí ni ẹ máa dúró. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀, mo rìn lọ pàdé rẹ̀, ó gba aṣọ lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ lé èyí àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ nà án.

Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí ó fò ó."

Kò ní kí a jókòó, kò sì lé wa. A bá a ká aṣọ tó kù. Nígbà tí a dé orí afárá, akọ̀wé fẹ̀yìn ti irin rẹ̀, ó pa ojú dé. Mo dúró tì í títí ó fi ṣe tán.

Ìròyìn tó kù kò gùn. Wọn kò tíì gbúròó awakọ̀ ẹrù náà. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa retí pé n ó sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí, ìyá alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì, ó jókòó níwájú akọ̀wé, ó ní òun ní ohun tí òun kò sọ nígbà àkọ́kọ́ nítorí pé òun rò pé kò já mọ́ nǹkan. Ó ní àpá kan wà ní ẹ̀yìn etí òsì àbúrò òun níbi tí òun ti fi àáyọ́ọ̀nù jó o nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ó ní bó bá ń ronú, á máa súfèé láìmọ̀, orin kan náà ni ní gbogbo ìgbà, kì í sì í súfèé rẹ̀ parí. Ó ní kì í jẹ́ orúkọ rẹ̀ tó wà nínú ìwé, nítorí náà bí wọ́n bá ń pè é, kí wọ́n pè é ní Kékeré Ìyá. Ó ń sọ ọ́, akọ̀wé ń tẹ̀ ẹ́, títí kọ̀ǹpútà kò fi gbà á mọ́. Ojú tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún "àlàyé mìíràn" ti kún. Akọ̀wé pè mí, ó béèrè bóyá mo lè bá òun fẹ̀ ẹ́.

Mo ní mo lè ṣe é. Òun ni mo ń ṣe lọ́wọ́ tí mo fi dá a dúró láti kọ lẹ́tà yìí sí yín.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ dáadáa, ẹ kí àwọn ọmọ, ẹ kí ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ yín tó máa ń bá yín gba ẹrù. Bí àyè bá gbà yín, ẹ pè mí, kódà bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ kàn jẹ́ kí n máa gbọ́ máṣíìnì yín lẹ́yìn ohùn yín.

                                                            Èmi ni àbúrò yín tó wà, tí ara rẹ̀ sì le,
                                                            Olójú-Oorun